Èrò kún pápá, àpò gbẹ: kí ló ń lé àwọn àjọ̀dún orin adádúró kúrò nílẹ̀?

Lọ́dún 2024 nìkan, àjọ̀dún orin 78 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kéde pé àwọn fagi lé ètò ọdún náà, tàbí pé àwọn sún un sí ọjọ́ mìíràn, tàbí pé àwọn ti kógbá wọlé pátápátá. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, 36 péré ni. Ẹgbẹ́ àwọn àjọ̀dún adádúró ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní AIF, ló ń ka iye yìí. Àwọn náà ló sọ pé 96 ni àrùn Kòrónà ti gbé lọ láàárín 2019 sí 2022. Ní Ọsirélíà, Groovin the Moo àti Splendour in the Grass, tí tọmọdé tàgbà mọ orúkọ wọn níbẹ̀, fagi lé ti 2024 láàárín oṣù méjì síra wọn.

Bí ìròyìn wọ̀nyí ṣe ń jáde ni awuyewuye ń gbilẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń gbé àwọn kéékèèké mì. Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ni ò mọ owó í ná. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dá sọ ìdí tí ayẹyẹ tó ti lo ogún tàbí ọgọ́ta ọdún fi máa kú láàárín ọdún méjì. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ta ni wọ́n ń pè ní adádúró?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti títóbi tàbí kíkéré. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín ni. Àjọ̀dún adádúró ni èyí tí ìdílé kan, àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan, tàbí àjọ tí kò sí fún èrè dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń darí fúnra wọn. AIF tiẹ̀ fi òdiwọ̀n sí i: iléeṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ nínú ọjà orin ojúkojú lágbàáyé, wọn ò ní ka àjọ̀dún rẹ̀ mọ́ adádúró.

Oko ìdílé kan ní Herefordshire ni Nozstock ti ń wáyé. Ọdún 26 ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó sọ pé ti 2024 ni àṣekágbá. Towersey bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ó sì ṣe ìkẹyìn tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2024. Glastonbury tí gbogbo ayé mọ̀ náà, inú oko màlúù ìdílé kan ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Owó ìwọlé jẹ́ £1 nígbà náà, wọ́n sì ń fún èrò ní wàrà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lódì kejì ni àwọn tó ní àjọ̀dún púpọ̀ lábẹ́ òrùlé kan wà: Live Nation, tó dà pọ̀ mọ́ Ticketmaster tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní 2010, AEG, tó ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe àjọ̀dún Coachella ní Amẹ́ríkà, àti Superstruct, tí àjọ̀dún rẹ̀ lé ní 80. Lọ́dún 2024, KKR, iléeṣẹ́ olùdókòwò kan láti Amẹ́ríkà, ra Superstruct ní iye tí ìròyìn gbé pé ó tó bílíọ̀nù €1.3.

Ṣé àwọn èèyàn ò fẹ́ lọ mọ́ ni?

Rárá o. Tíkẹ́ẹ̀tì Glastonbury ti 2025 jẹ́ £373.50, láìka £5 tí wọ́n ń gbà mọ́ ọn. Ó tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì dárúkọ olórin kankan tó ń bọ̀. Ìfẹ́ orin ò tíì kú.

Ohun tó yí padà ni irú ẹni tó ń rà á, àti ìgbà tó ń rà á. Nínú ìwádìí kan tí Creative Australia, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà, gbé jáde ní 2024, wọ́n rí i pé àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 24 kó ìdá 41 nínú 100 lára àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní 2018 sí 2019. Nígbà tó fi máa di 2022 sí 2023, wọ́n ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 27. Owó ilé àti owó oúnjẹ tó gbówó lórí wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ohun kejì ò ṣeé fi owó wọ̀n: ẹni tó pé ọdún 18 ní 2020, tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n tì í mọ́ ní ọdún tó yẹ kó kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn nínú àgọ́ lórí pápá, kò kọ́ àṣà náà rárá. Lílọ sí àjọ̀dún orin jẹ́ ohun tí ẹnì kan máa ń mú ẹlòmíì mọ̀. Nígbà tí ìran kan fò kọjá, ẹni tó yẹ kó mú àbúrò rẹ̀ lọ náà ò mọ ọ̀nà.

Àwọn tó sì ń rà á ń pẹ́ rà á. Wọ́n ń dúró de owó oṣù, wọ́n ń wo ojú ọjọ́, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ó lè má wáyé. Ìbẹ̀rù yìí ń bí ara rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìfagilé ni wọ́n ń pẹ́ rà, bí wọ́n sì ṣe ń pẹ́ rà ni ìfagilé ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣe Groovin the Moo ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọjà tí wọ́n fi ní tíkẹ́ẹ̀tì tó tà ò tó.

Ibì kan tún wà tí owó náà ń lọ. Láàárín oṣù Kẹta 2023 sí oṣù Kejìlá 2024, Taylor Swift ṣe eré 149 nínú ìrìn àjò orin rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan sì lé ní bílíọ̀nù $2. Olólùfẹ́ orin tó ti kó owó rẹ̀ jọ fún alẹ́ kan ní pápá ìṣeré ńlá, ó ṣòro kó tún ní ti ọjọ́ mẹ́ta lóko. Olórin náà ń ṣe ìṣirò tirẹ̀: kí ló dé tó fi máa bá olórin 50 pín orí ìtàgé nígbà tó lè dá kún pápá fúnra rẹ̀?

Báwo ni owó ṣe ń rìn lẹ́yìn ìtàgé?

Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà, òun sì ni àwọn tó ń bára wọn jiyàn kì í sábà rí.

Gbọ̀ngàn orin ní òrùlé, ó ní iná, ó ní omi, ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì lè lo gbogbo rẹ̀ fún igba alẹ́ láàárín ọdún. Àjọ̀dún orí pápá ò ní ìkankan. Pápá tí màlúù ń jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbọ́dọ̀ di ìlú tó ní ojú ọ̀nà, ọgbà, iná mànàmáná, omi mímu, àgọ́ ìwòsàn, panápaná àti ẹ̀ṣọ́ ààbò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á sì tún ilẹ̀ náà ṣe fún ẹni tó ni ín. Bí àgbẹ̀ tó ń kórè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni agbátẹrù àjọ̀dún rí. Bí ti ọdún yìí bá bàjẹ́, oṣù méjìlá gbáko ló máa dúró kó tó tún gbìyànjú.

Owó tó ń jáde kì í sì dúró de èyí tó ń wọlé. Olórin á gba àsansílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó ni ìtàgé, ẹni tó ni àgọ́, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn fẹ́ gba tiwọn ṣáájú. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní sùúrù títí ayẹyẹ fi parí, nítorí pé wọ́n mọ onítọ̀hún, ó sì ti ń san án láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù owó lọ́wọ́ àwọn tó wọ gbèsè, sùúrù yẹn tán. Àwọn tó ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì náà ń ṣọ́ra: àwọn mìíràn nínú wọn máa ń di owó náà mú títí ọjọ́ ayẹyẹ á fi kọjá, kí wọ́n lè rí nǹkan dá padà bí wọ́n bá fagi lé e. Àárín owó tó jáde àti owó tí kò tíì wọlé yìí ni agbátẹrù ń gbé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, bí ẹni tí kò rà á ló rí lójú ẹni tó ń wá owó ìtàgé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ayẹyẹ kan ń ná mílíọ̀nù kan, pápá rẹ̀ gba èèyàn 10,000, agbátẹrù sì ń rí 110 lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn owó orí. Bó bá tà tán, 1,100,000 ló wọlé, èrè rẹ̀ sì jẹ́ 100,000. Bí èèyàn 9,000 bá wá, 990,000 ló rí, ó sì ti jẹ 10,000 ní gbèsè. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró sórí pápá lọ́jọ́ náà ò ní mọ ìyàtọ̀: èrò pọ̀, orin ń dún, gbogbo èèyàn ń jó. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ìnáwó fi ìdá 10 péré nínú 100 lé sí i. Ó di 1,100,000, títà tán gan-an ò sì mú kọ́bọ̀ èrè wọlé mọ́. Ohun tí owó oúnjẹ, ọtí àti àwọn onígbọ̀wọ́ ń ṣe ni pé ó ń fẹ àlàfo náà díẹ̀. Kì í mú un kúrò.

Ìnáwó ọ̀hún sì ti lé ju bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ iná, iṣẹ́ ohùn àti iṣẹ́ ìtàgé ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà Kòrónà, tí wọn ò padà wá, owó iṣẹ́ àwọn tó kù sì lọ sókè. Epo wọ́n gan-an ní 2022 nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà ni ìjọba gba ẹ̀tọ́ díísù pupa, ìyẹn epo dísẹ́ẹ̀lì tí owó orí rẹ̀ kéré, kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òwò. Àwọn eré àrìnkiri bíi sákọ́ọ̀sì ṣì ní ẹ̀tọ́ sí i, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ àjọ̀dún orin ò sí lára wọn.

Ìwádìí Creative Australia tó wà lókè sọ pé ìpíndọ́gba ìnáwó àjọ̀dún kan níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3.9 dọ́là Ọsirélíà. Ìdá 56 nínú 100 nínú wọn ló jèrè, ìdá 35 pàdánù. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ló ń dí wọn lọ́wọ́, ìdá 47 ní ìnáwó tó ń lé sí i ni, ìdá 39 ní àìsí ìrànwọ́ owó, ìdá 31 ní owó adójútòfò, ìdá 22 sì ní ojú ọjọ́ tó ń le.

Kòrónà ti lọ, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀?

Nítorí pé gbèsè rẹ̀ ò tíì lọ. Ní 2020, ọ̀pọ̀ agbátẹrù ti ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti ná lára owó rẹ̀ kí wọ́n tó ti gbogbo nǹkan pa. Kí wọ́n má bàa dá owó tí kò sí nílẹ̀ mọ́ padà, wọ́n bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n di tíkẹ́ẹ̀tì wọn mú títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ gbà, inú rere sì ni. Àmọ́ ọdún tó ń bọ̀ náà tún bọ́ sínú àrùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí dáadáa ní 2022, ẹni tó rà á ní iye 2020 ló wọlé, iye 2022 sì ni wọ́n fi gbé ìtàgé kalẹ̀. Pápá kún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò ibẹ̀ ò mú owó tuntun wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tí wọ́n yá láti fi la àsìkò náà já tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún ara rẹ̀.

Ìjọba ò kàn káwọ́ gbera. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde bílíọ̀nù £1.57 fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ní oṣù Keje 2020. Amẹ́ríkà ya bílíọ̀nù $15 sọ́tọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà fún àwọn ilé eré àti àwọn agbátẹrù tí wọ́n ti iṣẹ́ wọn pa. Ẹjọ́ tí àwọn aláyẹyẹ orí pápá ń rò ni ti àsìkò: ètò adójútòfò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn 2021, nígbà tí ọ̀pọ̀ àjọ̀dún ọdún náà ti fagi lé tiwọn.

Kí ni ọ̀rọ̀ owó orí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 20 nínú 100 ni VAT lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì £100 tí ẹ bá rà, £16.67 jẹ́ ti ìjọba. Nígbà Kòrónà, wọ́n gé e sí ìdá 5 láti oṣù Keje 2020, ó gòkè sí 12.5 ní oṣù Kẹwàá 2021, ó sì padà sí 20 ní oṣù Kẹrin 2022, oṣù kan náà tí díísù pupa lọ. Ní oṣù Kejì 2024, AIF bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n tún gé e sí ìdá 5 fún ọdún mẹ́ta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, £4.76 ni ìjọba máa mú nínú £100 yẹn, agbátẹrù á sì di £11.91 mú. Ẹ rántí ìṣirò ẹ̀ẹ̀kan: àlàfo tó wà láàárín èrè àti gbèsè ò ju iye bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n tún ń tọ́ka sí ojú ọ̀nà àwọn aládùúgbò. Owó orí tíkẹ́ẹ̀tì orin jẹ́ ìdá 5.5 ní Faransé, 7 ní Jámánì, 9 ní Netherlands. Ìjọba Netherlands tiẹ̀ ti pinnu láti gbé tirẹ̀ lọ sí 21 lọ́dún 2026, àmọ́ ariwo pọ̀, wọ́n sì dá a dúró lórí àṣà àti eré.

Èsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé ti Kòrónà jẹ́ ìrànwọ́ fún ìgbà díẹ̀, pé VAT wà lára owó tó tóbi jù lọ tó ń gbé ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ró, àti pé bí wọ́n bá gé e fún òwò kan, gbogbo òwò yòókù á tò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan fi kún un pé gígé owó orí máa ń sọdá ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́: ẹni tó ní ọgọ́rin àjọ̀dún náà á jẹ níbẹ̀, yóò sì jẹ ju ẹni tó ní ẹyọ kan lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń pa wọ́n?

Ìdíje wà, kò sì dọ́gba. Iléeṣẹ́ tó ní ibi ìṣeré, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń gbé olórin rìnrìn àjò lè sọ fún olórin kan pé: gba eré 30 lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ọgọ́ta bá pàdánù, 59 yòókù á gbé e. Òtítọ́ sì ni pé iléeṣẹ́ ńlá náà ń pàdánù: abẹ́ Live Nation ni Splendour in the Grass wà, ó sì fagi lé e. Ìyàtọ̀ ni pé iléeṣẹ́ náà ṣì wà láàyè ní ọjọ́ kejì.

Ohun kan tí àwọn èrò kì í gbọ́ nípa rẹ̀ ni àdéhùn àdúgbò, ìwé tí olórin máa ń fọwọ́ sí pé òun ò ní ṣeré ní ibòmíràn tó sún mọ́ ayẹyẹ kan fún àkókò kan. Kò burú ní ìpilẹ̀. Ẹni tó san owó gọbọi fún olórin ò fẹ́ kó ṣeré lẹ́yìn odi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àmọ́ báwo ló ṣe gbọdọ̀ jìnnà tó? Lọ́dún 2018, àjọ̀dún Soul'd Out ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, gbé àwọn tó ń ṣe Coachella lọ sílé ẹjọ́. Ìwé ẹjọ́ náà ní olórin tó bá gba Coachella ò gbọdọ̀ ṣeré ní àjọ̀dún mìíràn ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà láti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Ìyẹn ju oṣù mẹ́rin lọ, lórí gbogbo ilẹ̀ náà.

Ní oṣù Karùn-ún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pe Live Nation lẹ́jọ́ pé ó ń fi agbára dá ọjà jẹ. Iléeṣẹ́ náà sẹ́ ẹ̀sùn yìí. Ó ní èrè orí gbígbé orin kalẹ̀ ò tó nǹkan, àti pé àwọn olórin àti àwọn aṣojú wọn ló ń dá iye tíkẹ́ẹ̀tì.

Òjò ńkọ́?

Ní oṣù Keje 2022, òjò fagi lé ọjọ́ àkọ́kọ́ Splendour. Ní oṣù Keje 2023, Bluedot, tó máa ń wáyé lábẹ́ awò-ojú-ọ̀run ńlá Jodrell Bank, sọ fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Àìkú nìkan pé kí wọ́n má wá mọ́ nítorí ẹrẹ̀. Kò wáyé rárá ní 2024. Ní oṣù Kẹjọ 2023, àjọ̀dún Wacken ní Jámánì ní kí àwọn tí kò tíì wọlé padà sílé. Ẹni tó ń ra ìwé adójútòfò lẹ́yìn irú nǹkan báyìí, owó tó gbówó lórí ló ń bá níbẹ̀. Ìwé náà kì í sì í san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tà.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń sọ pé ó yẹ kí àwọn kan kú?

Wọ́n wà, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wọn ni pé wọ́n ti pọ̀ jù: láàárín 2000 sí 2019, ẹnikẹ́ni tó bá rí pápá rí ìtàgé gbé sí i, olórin mẹ́wàá kan náà sì ni wọ́n ń kọ sórí pátákó gbogbo wọn. Ẹ̀rí kejì ni ti ìṣàkóso. Wọ́n ní àwọn agbátẹrù kan ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ san gbèsè ọdún tó kọjá, wọ́n sì ń ná owó lé olórin gbajúmọ̀ kan tí kò bá àpò wọn mu. Bestival bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó sì wọ gbèsè ní 2018, kí Kòrónà tó dé, kí epo tó wọ́n. Èyí fi hàn pé ẹsẹ̀ òwò yìí ò rinlẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí.

Àwọn adádúró ń dáhùn pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń lọ báyìí. Ẹni tó ti ṣe é dáadáa fún ọdún 26 ló ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Kí ló máa bọ́ sọ́nù bí wọ́n bá lọ?

Pátákó orúkọ ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà kéékèèké kọ orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ìlà yẹn ni iṣẹ́ àjọ̀dún adádúró. Olórin tó ṣeré fún igba èèyàn ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ lónìí ló ń di ẹni tí àwọn ńlá ń du ní ọdún márùn-ún sí i. Irú orin tí kò ní owó ńlá lẹ́yìn, orin ìbílẹ̀, orin ẹ̀yà tó kéré, orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń rí ìgbọ́. Ọ̀dọ́ tó ń gbé wáyà ohùn níbẹ̀ lónìí ni yóò máa darí ohùn fún pápá ìṣeré ńlá lọ́la. Bí àwọn ńlá náà bá wá òṣìṣẹ́ lọ́la, láti ibo ni wọ́n ti máa rí wọn?

Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí ọ̀nà míì gbà á?

Roskilde ní Denmark, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, jẹ́ ti àjọ tí kò sí fún èrè. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló ń yọ̀ọ̀da ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èrè rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláàánú àti iṣẹ́ àṣà. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ Kulturkosmos ń ṣe Fusion láti 1997 ní pápákọ̀ òfurufú tí ọmọ ogun Soviet fi sílẹ̀ ní Lärz. Kì í polówó ara rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ lọ pọ̀ débi pé ìbò orí ire ni wọ́n fi ń pín tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé ayẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rà, kì í ṣe orúkọ olórin kan. Irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ máa ń gba ogún ọdún kó tó dúró, ìyẹn sì ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ò ní.

Àwọn mìíràn ń dín iye èrò kù, wọ́n ń ṣe ọjọ́ kan dípò mẹ́ta, tàbí kí wọ́n fi ọdún kan sinmi bí àgbẹ̀ ṣe ń fi ilẹ̀ sílẹ̀. Glastonbury fi 2026 sinmi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti wà nínú ètò láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ilẹ̀ àti màlúù. Bí ẹni tí kò lówó nípamọ́ bá ní òun fi ọdún kan sinmi, ó yẹ ká mọ̀ pé àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò padà pọ̀.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fagi lé e. Owó mi ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ayẹyẹ náà ni wọ́n fagi lé, tàbí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ló wọ gbèsè. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín ni ẹ máa lọ, iye tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ sì máa retí. Wọ́n lè bẹ̀ yín pé kí ẹ dì í mú di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ, ẹ sì lè kọ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti wọ gbèsè, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì á tò sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jẹ lówó tí kò sí ohun ìdúró lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn báńkì àti àwọn tó ṣáájú, ohun tó sì máa ń kan wọ́n kì í tó nǹkan. Ohun tí ẹ fi sanwó ló máa gbà yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Abala 75 òfin àwìn oníbàárà ti 1974 gbà pé kí iléeṣẹ́ káàdì àwìn dá owó padà lórí ohun tó ju £100 lọ tí kò kọjá £30,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má ṣiṣẹ́ bí ẹ bá gba ọwọ́ alágbàtà rà á. Ẹni tó lo káàdì báńkì lásán lè ní kí báńkì gba owó náà padà fún òun. Gbèdéke ọjọ́ wà fún èyí, nítorí náà ẹ má ṣe dúró de lẹ́tà kankan kí ẹ tó pe báńkì yín.